Ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́wá-mọ̀ọ́lò ní yunifásítì: Iṣẹ́ tí olùkọ́ kò lè dá ṣe, tí ilé ìkàwé náà kò tíì kọ́ tán

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa kò ní í tíì gbàgbé òru Ọjọ́bọ̀ mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 2014. Àìsàn Ebola ti wọ Èkó láti oṣù keje, ẹ̀rù sì ti ń ba tọmọdé tàgbà. Lóru ọjọ́ náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri, tí ìyá ń jí ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò, pé kí oníkálùkù tètè fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì bu díẹ̀ mu nínú rẹ̀, nítorí òun gan-an ni oògùn Ebola. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ní irọ́ ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìwé ìròyìn ti gbé e pé ènìyàn méjì kú nípasẹ̀ omi iyọ̀ tí wọ́n mu, àjọ ètò ìlera àgbáyé, WHO, pàápàá sì mẹ́nu bà á nínú ìkìlọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà.

Ẹni mẹ́ta ló pe akọ̀ròyìn yìí lóru ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ń ta aṣọ lọ́jà, àwọn méjì yòókù ti gba oyè yunifásítì, ọ̀kan nínú àwọn méjì ọ̀hún tilẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò sí èyí tó béèrè nínú wọn pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà, níbo lòun náà ti rí i, ta ló sì yẹ kó mọ̀ bó bá jẹ́ òótọ́. Èmi náà kò tètè béèrè. Oorun ló kù lójú mi. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ó níbi tí a lè fi sí. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ńkọ́, kí ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀?

Àwọn olóyìnbó ní orúkọ fún ìmọ̀ tó ṣaláìní yìí. Information literacy ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Paul Zurkowski, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi àkọsílẹ̀ ìmọ̀ ṣòwò, ló dá orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1974, nínú ìwé tó kọ sí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé nílẹ̀ wọn. Ọdún 1989 ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà, ALA, wá fún un ní ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gbà: ẹni tó ní ìmọ̀ yìí ni ẹni tó mọ ìgbà tí òun nílò àlàyé lórí nǹkan, tó mọ ibi tí òun ti lè rí i, tó lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, tó sì lè lò ó bó ṣe yẹ. Níwọ̀n ìgbà tí a ti ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lédè wa, mọ̀ọ́wá-mọ̀ọ́lò ni a ó máa pe èyí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú mímọ kọ̀ǹpútà lò o. Ọmọ tó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ fóònù bí ẹni ń ta ayò lè má mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpolówó ọjà àti àbájáde ìwádìí.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn yunifásítì wa fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, Ìbàdàn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1948 tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ni John Harris dé láti New Zealand, tó wá ṣe olórí ilé ìkàwé rẹ̀, ogún ọdún ló sì lò lórí iṣẹ́ náà. Òfin ọdún 1950 sọ ilé ìkàwé ọ̀hún di ọ̀kan lára àwọn ibi tó di dandan kí wọ́n kó ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà sí. Nígbà tí UNESCO fẹ́ ṣe àpérò lórí ilé ìkàwé gbogbogbòò nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1953, Ìbàdàn ni wọ́n pe àwọn ènìyàn sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Harold Lancour, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wá yẹ àwọn ilé ìkàwé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò lórúkọ àjọ Carnegie. Àjọ náà fowó sílẹ̀, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1968. Ilé ìkàwé Ìbàdàn tí gbogbo wa mọ̀ sí Kenneth Dike lónìí, orúkọ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga náà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé nígbà náà lọ́hùn-ún? Bí a ṣe ń yan ìwé, bí a ṣe ń fún un ní nọ́ńbà, bí a ṣe ń kọ káàdì rẹ̀ sínú àpótí, bí a ṣe ń tò ó sórí pẹpẹ, bí ikán àti ọ̀rinrin kò ṣe ní í bà á jẹ́. Ẹ̀kọ́ náà kò burú rárá. Ìwé ló wọ́n nígbà yẹn, ẹni tó bá sì mọ ibi tí ìwé wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́. Wàhálà òde òní yàtọ̀ sí ìyẹn. Àkọsílẹ̀ ló pọ̀ jù báyìí, ayédèrú sì dàpọ̀ mọ́ ojúlówó nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wá omi ti bọ́ sínú òkun, omi òkun kò sì ṣe é mu.

Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà ní yunifásítì ni kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Use of Library. Nínú ìlànà BMAS tí àjọ NUC fi darí àwọn yunifásítì kí wọ́n tó yí i padà, GST 121 ni nọ́ńbà rẹ̀. Yúnìtì méjì ni, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ ọgbọ́n ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Akọ̀ròyìn yìí náà ṣe irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. A pọ̀ ju iye tí gbọ̀ngàn náà lè gbà lọ ní ìlọ́po méjì, ẹ̀yìn fèrèsé ni mo sì ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìyá tó ń kọ́ wa sọ, nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò ní iná. Ìdánwò rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń fi pẹ́ńsù kun ojú ìdáhùn. Wọ́n bi wá pé ọdún wo ni Melvil Dewey gbé ètò tó fi ń pín ìwé sí ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ jáde. 1876 ni, mo ṣì rántí. Mo gba máàkì tó dára, n kò sì tẹ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé títí ìdánwò fi parí.

Ọdún kẹrin ni ojú tó là. Nígbà tí pírójẹ́ẹ̀tì dé ọrùn, ibi tí mo kọ́kọ́ sáré gbà ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹnu géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta pírójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti jáde bí ẹni ń ta àkàrà. Mo ra ọ̀kan. Mo sọ fún ara mi pé n kò fẹ́ dà á kọ, pé mo kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìwé náà kún fún àwọn ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ ní òun tọ́ka sí. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko wá mẹ́ta nínú wọn, n kò rí wọn. Ẹ̀yìn ọ̀rẹ̀yìn ló yé mi pé ẹni tó ni iṣẹ́ náà kò rí wọn rí. Inú pírójẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn ló ti ṣà wọ́n jọ, bóyá ẹni yẹn náà sì ṣà wọ́n láti ibòmíràn ni. Báyìí ni irọ́ ṣe ń di àgbà láàárín wa, tó ń ní orúkọ àti ọdún ìtẹ̀jáde.

N kò dá ìyá tó kọ́ wa lẹ́bi. Kọ́ọ̀sì náà gan-an ni wọn kò fi sí àyè rẹ̀. Ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ń kọ́ ọ, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ní ìwádìí kankan tó fẹ́ ṣe. Ìgbà tí a bá kọ́ ọmọ ní odò wíwẹ̀ lórí ẹní, tí a wá tì í sódò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó yẹ ká mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú wa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìnira. Ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1960 sí 1962, arábìnrin Patricia Knapp dán nǹkan wò ní Monteith College, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Wayne State. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ nípa wíwá ìmọ̀ kò gbọdọ̀ dá dúró bí ọmọ òrukàn, kí ó wọnú iṣẹ́ gbogbo olùkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ lọ́dún 1966 kò fi ìṣòro pamọ́. Àwọn olùkọ́ ló ṣòro yí lérò padà jù. Kókó iṣẹ́ wọn ni wọ́n kà sí, wọ́n gbà pé bí a ṣe ń wá ìmọ̀ jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa já mọ́ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó wá mú un dúró ni Evan Farber, tó darí ilé ìkàwé Earlham College, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, láti 1962 títí di 1994. Farber kò béèrè pé kí wọ́n fún òun ní kọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á jọ jókòó ṣètò iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe. Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba iṣẹ́ tán, tí kò mọ ibi tí yóò ti mú un, ni òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yóò wọ kíláàsì, tí yóò wá fi ọ̀nà han gbogbo wọn, lórí iṣẹ́ náà gan-an. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú kọ́ọ̀sì mìíràn, yóò tún padà wá pẹ̀lú èyí tó le ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Google kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọgbọ́n Farber kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ti ń kọ ìlànà. Àwọn ará Britain gbé ti SCONUL, tó ní òpó méje, jáde lọ́dún 1999, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2011. Ẹgbẹ́ ACRL ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n márùn-ún kalẹ̀ lọ́dún 2000. Nígbà tó di 2016, wọ́n fi ìlànà mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó dá lórí èrò mẹ́fà, nítorí wọ́n rí i pé òṣùwọ̀n àtijọ́ ti ń sọ ẹ̀kọ́ náà di ohun tí a kàn ń fi ìlà sàmì sí pé a ti ṣe é tán.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó súnmọ́ wa láti fi ṣàlàyé. Ká ní olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta lọ kọ̀wé lórí àwọn kòkòrò tó ń ba àgbàdo jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba orí pẹpẹ lọ, ó gbé ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1995, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Kò ní í rí orúkọ èyí tó wà lára àwọn tó ń da àgbẹ̀ láàmú jù lónìí níbẹ̀, ìyẹn fall armyworm. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú nílẹ̀ Áfíríkà, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sì wà lára ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti rí i. Àwọn onímọ̀ IITA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ohun tí wọ́n rí sínú jọ́nà PLOS ONE lóṣù kẹwàá ọdún náà, ọ̀fẹ́ sì ni ẹnikẹ́ni lè kà á títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó ní Ìbàdàn, nítòsí ibi tí ìmọ̀ náà ti jáde, kò sì mọ̀ pé ó wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kejì kò lọ síbì kankan, fóònù ló fà yọ. Ó tẹ "kokoro agbado" láì fi àmì sí i. Báwo ni Google yóò ṣe mọ̀ bóyá kòkòrò ló ń wí, tàbí kókóró tí wọ́n fi àgbàdo dín tí àwọn ará Ògùn ń fi gàrí mu, tàbí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn? Bó bá tẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, yóò rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsì, èyí tó wà lókè sì lè jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ ta oògùn apakòkòrò. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó mọṣẹ́ ni yóò sọ fún un pé orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é, Spodoptera frugiperda, ni kó fi wá a, nítorí orúkọ yẹn kò yí padà láti Brazil dé Ìbàdàn. Yóò kọ́ ọ bí ó ṣe lè fi ọdún há a mọ́, kó jẹ́ ti 2016 síwájú ni yóò máa jáde. Yóò fi hàn án pé tí ó bá ti rí àpilẹ̀kọ kan tó dára, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn tí ó tọ́ka sí, kó sì wá àwọn tó tọ́ka sí òun náà lẹ́yìn tó jáde. Bí wọ́n ṣe ń tọpa ẹran nínú igbó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yìí kò mọ̀ bóyá oògùn tí wọ́n dán wò nínú àpilẹ̀kọ náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, tàbí bóyá oko tí wọ́n lò kéré jù. Olùkọ́ ló mọ ìyẹn. Olùkọ́ mọ kòkòrò, ilé ìkàwé mọ ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ sì nílò méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn olùkọ́ pàápàá ní ohun tí wọ́n máa kọ́. Ní Yunifásítì Stanford, Sam Wineburg àti Sarah McGrew kó ènìyàn 45 jọ: onímọ̀ ìtàn mẹ́wàá tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, mẹ́wàá nínú àwọn tó ń fi yíyẹ ìròyìn wò ṣiṣẹ́ jẹun, àti akẹ́kọ̀ọ́ 25. Lọ́dún 2017 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n ní kí wọ́n wo ojú ewé ẹgbẹ́ dókítà àwọn ọmọdé méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ti wà láti 1930, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta dókítà ló wà nínú rẹ̀. Èkejì jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré tó ya kúrò lára rẹ̀ lọ́dún 2002 nítorí àríyànjiyàn. Orúkọ wọn jọra, ojú ewé àwọn méjèèjì sì dára. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé náà, jókòó ti ojú ewé kan ṣoṣo, wọ́n ń wo àmì ẹgbẹ́, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ dáadáa, wọ́n sì kọsẹ̀. Àwọn ayẹ-ìròyìn-wò kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Wọ́n jáde lójú ewé náà, wọ́n ṣí òmíràn, wọ́n lọ béèrè ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹgbẹ́ ọ̀hún. Kì í ṣe pé a fẹ́ yin ara wa o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn ni iṣẹ́ yẹn ti wá.

Ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí ẹbí fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, alárinà kì í jókòó sí ilé àna kó máa bi wọ́n bóyá ènìyàn rere ni wọ́n. Àdúgbò ló ń lọ. Àtẹ ìbéèrè CRAAP tí Yunifásítì ìpínlẹ̀ California ní Chico gbé jáde lọ́dún 2004, tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ṣì ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́, ilé àna ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè rẹ̀ ń dúró sí: ṣé ojú ewé náà jẹ́ tuntun, ṣé ẹni tó kọ ọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀? Oníjìbìtì mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn gbogbo ìyẹn.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé fúnra wọn, níbi tí mo rò pé ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ní yunifásítì wa, ipò olùkọ́ ni wọ́n wà lójú ìwé. Wọ́n ń kọ àpilẹ̀kọ sí jọ́nà kí wọ́n tó rí ìgbéga bíi ti olùkọ́ yòókù. Lábẹ́ òfin tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1995, àjọ LRCN ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń sọ irú ìmọ̀ tó yẹ kí wọ́n ní. Síbẹ̀, ẹni tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ yìí lè mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìwé láì tíì dúró níwájú kíláàsì rí. Ohun ìyanu ni pé ní Ìbàdàn, abẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ ilé ìkàwé sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di olùkọ́ Yorùbá ń lọ ṣe TP ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ń wá wò ó bó ṣe ń kọ́ni, wọ́n ń fún un ní máàkì. Kò yẹ kí ó ṣòro láti ní kí ẹni tó fẹ́ di olùtọ́jú ilé ìkàwé yunifásítì ṣe irú rẹ̀: kó bá olùkọ́ kan ṣètò iṣẹ́ kan, kó kọ́ kíláàsì kan, kí wọ́n sì wo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ bóyá ohun tó kọ́ wọn hàn níbẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tètè rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní í wá fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1999 ni ACRL bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mélòó kan lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Lọ́dún 2007 wọ́n kọ ọ̀wọ́ méjìlá ìmọ̀ tó yẹ kí olùkọ́ inú ilé ìkàwé ní sílẹ̀, lọ́dún 2017 wọ́n sọ ọ́ di ipa méje, ọ̀kan nínú méje náà sì ni kí ó jẹ́ ẹnìkejì olùkọ́. Èyí gan-an ló ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Olùkọ́ kan lè lo ogún ọdún ní yunifásítì kan láì mọ orúkọ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó ń bójú tó ẹ̀ka tirẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kò tó nǹkan, iná kì í dúró, dátà wọ́n, ìyanṣẹ́lódì sì lè gé sáà sí méjì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbogbo. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ọ̀sì kan níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ní ọ̀nà ìwádìí, kí pírójẹ́ẹ̀tì tó dé. Bí olùkọ́ kọ́ọ̀sì yẹn bá lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe níbẹ̀ ní máàkì, a ó rí ìyàtọ̀. Láìsí máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní í wá. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá di kánjúkánjú láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2022, tí wọ́n gbé ChatGPT jáde. Irú ẹ̀rọ yìí kì í lọ sí orí pẹpẹ lọ mú ìwé. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ló máa ń fojú díwọ̀n, ìdí nìyẹn tó fi lè ṣẹ̀dá orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún àti ojú ewé fún àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń kó sí i. Ní New York lọ́dún 2023, àwọn agbẹjọ́rò tó ń bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca ṣẹjọ́ kó ẹjọ́ mẹ́fà tí kò wáyé rí lọ síwájú adájọ́, ChatGPT ló bá wọn wá a. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là ni adájọ́ bù lé wọn lóṣù kẹfà ọdún náà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun bi ẹ̀rọ náà léèrè bóyá òótọ́ ni àwọn ẹjọ́ ọ̀hún, ó sì dá òun lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilé àna náà ló padà sí. Ìwé ìtọ́kasí tí n kò rí nínú pírójẹ́ẹ̀tì tí mo rà kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ènìyàn ló ṣẹ̀dá ìyẹn, ó sì gba àsìkò.

Àyè wà láti tún un ṣe. Lóṣù kejìlá ọdún 2022, àjọ NUC gbé ìlànà tuntun, CCMAS, jáde. NUC fúnra rẹ̀ ló kọ ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọn yóò kọ́ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọgbọ̀n yòókù sílẹ̀ fún yunifásítì láti ṣe bó ṣe wù ú. Inú ọgbọ̀n yìí ni ilé ìkàwé lè gbà wọlé bí wọ́n bá tètè béèrè, nítorí àwọn ẹ̀ka mìíràn náà ń béèrè. UNESCO ti kọ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2011, Abuja ni wọ́n sì ti ṣe àpérò àgbáyé wọn lórí rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2022. Àwọn àlejò ti padà sílé. Ohun tó kù ni èyí tí ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kọ̀ọ̀kan bá fọwọ́ sí.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè dúró dìgbà náà, àwọn nǹkan kan wà tí ó lè béèrè fún ní ilé ìkàwé rẹ̀ lọ́la. Àkọ́kọ́ ni Research4Life, tí àwọn àjọ àgbáyé àti àwọn atẹ̀wé jọ dá sílẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ lè ka jọ́nà olówó ńlá lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó kékeré. Hinari, tó wà fún ìmọ̀ ìlera, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, AGORA tó wà fún iṣẹ́ ọ̀gbìn tẹ̀ lé e lọ́dún 2003. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fún ní páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀, ọwọ́ ilé ìkàwé ló sì sábà máa ń wà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Èkejì ni African Journals Online, tó ti ń kó jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà jọ láti 1998. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn olùkọ́ wa kọ, ibẹ̀ ló wà. Google Scholar, tó jáde lọ́dún 2004, kò gba páásíwọ̀ọ̀dù kankan, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Bí ẹ bá ti rí àpilẹ̀kọ kan níbẹ̀, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Cited by" sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí gbogbo àwọn tó ti lò ó lẹ́yìn tó jáde.